Láti Ọ̀kẹ́ Owó Ẹyọ dé Ìwé Ìṣirò Ọlọ́kọ̀: Ìtàn Ìṣirò Owó fún Ìpinnu Láwùjọ Yorùbá, pẹ̀lú Àfiyèsí sí Gáréèjì Ọ̀fà ní Ìlọrin

Ìfáárà

Ẹni tó bá gba Ìlọrin kọjá lọ sí Gánmọ̀, Àjàṣẹ́-Ìpo tàbí Ọ̀fà yóò mọ Gáréèjì Ọ̀fà. Orúkọ ibẹ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn: ibi tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀fà ti ń kó èrò ni. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ti kọjá orúkọ ibùdókọ̀ nìkan báyìí, ó ti di orúkọ àdúgbò, pẹ̀lú ìsọ̀, ṣọ́ọ̀bù, alágbàtà àti àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ìpinnu lórí owó kì í dáwọ́ dúró láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ṣé kí ọlọ́kọ̀ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ni, àbí kí ó tà á bó ṣe wà? Ṣé kí ìyá aláṣọ tún ta àwìn fún oníbàárà tí kò tíì san ti oṣù tó kọjá? Ṣé owó tó kù lápò lálẹ́ jẹ́ èrè, àbí ojú owó gan-an ni ẹni náà ń jẹ láìmọ̀?

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló jẹ wá lógún jù lọ nínú iṣẹ́ yìí. Èrò méjì ló gbilẹ̀ lórí ìtàn ìṣirò owó láwùjọ wa. Àwọn kan gbà pé òyìnbó, ilé ìfowópamọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ ló mú un dé, pé kí wọ́n tó dé, orí lásán ni àwọn baba wa fi ń ṣírò. Àwọn mìíràn, nítorí ìfẹ́ àṣà, sọ pé kò sí ohun tó wà nínú ìwé ìṣirò òde òní tí àwọn baba ńlá wa kò ti mọ̀. Ní èrò tiwa, ìtàn kò gbe ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Yorùbá ní ètò tó péye fún kíka owó, wọ́n sì ní ètò tó le koko fún ìrántí gbèsè àti gbígbà á. Ohun tí àwọn ètò náà kò fi bẹ́ẹ̀ bójú tó ni ìyàtọ̀ láàárín owó tó wà lọ́wọ́ àti èrè gidi, nígbà tí ohun tí a fi ń ṣòwò bá ń gbó lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí kò ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń ta iṣu. Fún ẹni tó ra ọkọ̀, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Owó ẹyọ àti ètò kíkà rẹ̀

Kí owó onírin tó gbòde, owó ẹyọ ni a fi ń ná ọjà. Láti erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni èyí tó kọ́kọ́ wọ́pọ̀ ti wá, tó sì gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ oníṣòwò kọjá kó tó dé ilẹ̀ wa. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹgbàá (2,000). Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan (20,000). Ọ̀kẹ́ ni àpò tí wọ́n ń kó o sí, orúkọ àpò ló wá di orúkọ iye. Bí owó náà kò bá sí lórí okùn, márùn-ún márùn-ún ni olùkà ń fi ọwọ́ fà á. Ìṣọ̀wọ́ mẹ́rin jẹ́ ogún, ogún márùn-ún jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì jẹ́ igba. Orí igba yìí ni òǹkà ńlá wa dúró lé: ẹgbẹ̀ta jẹ́ igba mẹ́ta, ẹgbẹ̀rin jẹ́ igba mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún jẹ́ igba márùn-ún, ẹgbàá sì jẹ́ igba mẹ́wàá. Míṣọ́nnárì kan, Adolphus Mann, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí òǹkà Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1887, ó sì so ètò òǹkà náà mọ́ ọwọ́ tó ń ka owó ẹyọ.

Àwọn olùkọ́ ìṣirò sábà máa ń fi ìtàn yìí dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lára yá, wọn a sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìṣirò owó wà nínú rẹ̀. Òkìtì tí a kó kalẹ̀ ní ìṣọ̀wọ́-ìṣọ̀wọ́ jẹ́ ohun tí ẹni tó ń sanwó àti ẹni tó ń gbowó lè jọ wò. Bí àríyànjiyàn bá dé, kò sí ìdí láti tún gbogbo rẹ̀ kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Òkìtì tí ó ṣe iyèméjì nìkan ni wọn yóò tú. Iye tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan ṣoṣo, ni ìpìlẹ̀ gbogbo ìwé ìṣirò títí di òní. Ohun kejì ni pé owó ẹyọ wúwo. Ọ̀kẹ́ kan tó ẹrù fún alárù kan. Nítorí náà, alájàpá tó fẹ́ lọ ra ọjà ní ọ̀nà jíjìn kò lè ṣe ìṣirò ọjà nìkan. Ó ní láti ka owó alárù, oúnjẹ ojú ọ̀nà àti owó oníbodè mọ́ iye tí ọjà náà yóò jẹ́ kó tó dá iye tí yóò tà á. Ìlọrin, tó jẹ́ ibi tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Haúsá àti ti ilẹ̀ Yorùbá ti ń pàdé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, mọ irú ìṣirò yìí dáadáa.

Ohun kẹta kò dùn. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú owó ẹyọ mìíràn, tó tóbi ju ti ìṣáájú lọ, wá láti agbègbè Zanzibar ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n kó o wá lọ́pọ̀lọpọ̀, agbára owó ẹyọ sì dínkù. Ẹni tó ti kó ọ̀kẹ́ mẹ́wàá pamọ́ sínú yàrá ṣì ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá. Kò sí olè tó wọlé. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀kẹ́ mẹ́wàá lè rà ti yàtọ̀. Ètò òǹkà tó péye yẹn kò lè sọ èyí fún un, nítorí iye ni ó ń kà, kì í ka agbára iye. A ó padà sórí kókó yìí nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Nígbà tí owó Gẹ̀ẹ́sì wá gbapò, àwọn ènìyàn kò sọ òǹkà àtijọ́ nù. Ọ̀kẹ́ kan di orúkọ fún ṣílè márùn-ún, ẹgbàá di sísì, ẹgbẹ̀rún di tọ́rọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973 tí náírà dé, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì, àwọn àgbà ọjà tún yí i padà lórí ahọ́n: kọ́bọ̀ tuntun márùn-ún ni wọ́n ń pè ní sísì. Ẹni tó bá rò pé ìyá ọjà tí kò kàwé kò mọ ìṣirò yẹ kó rántí pé láàárín ọjọ́ ayé obìnrin kan ṣoṣo, ó lè ti ṣírò owó ní ọ̀nà mẹ́ta, kí ó sì máa yí wọn sí ara wọn láìsí pẹ́ńsù.

Gbèsè àti ìrántí rẹ̀

Kíka owó tó wà nílẹ̀ rọrùn. Owó tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló ṣòro. Níhìn-ín ni a ti rí i pé àwọn baba wa lo gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n ní. Àwọn ọlọ́jà ń fa ìlà sára ògiri pẹ̀lú èédú tàbí ẹfun, ìlà kan fún ẹrù kan. Ẹlẹ́rìí wà níbi tí wọ́n ti ń yá owó ńlá. Ìwọ̀fà jẹ́ ọ̀nà mìíràn, tí iṣẹ́ tí ẹni tí a fi ṣe ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó dúró fún èlé, tí ojú owó sì wà níbẹ̀ títí wọn yóò fi san án. Ìyàtọ̀ láàárín ojú owó àti èlé ti yé Yorùbá yékéyéké, a kò sì gbọ́dọ̀ fojú kéré èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹkún ló wà nínú ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà fún àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ títí ọdún ń gorí ọdún. Bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san, wọ́n lè dógò tì í: ológò yóò lọ jókòó sí ilé rẹ̀, yóò máa da ilé náà rú títí owó yóò fi jáde. Samuel Johnson ṣàlàyé àṣà yìí nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, ó sì sọ̀rọ̀ nípa èsúsú bákan náà.

Àwọn òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà jogún ìmọ̀ yìí ní ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Aṣọ ni wọ́n ń tà láwìn káàkiri, kọjá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lọ sí Èkìtì àti ibi tó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àsìkò bá tó, wọ́n á padà wá gba owó, wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè. Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Àwọn ènìyàn a máa fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìṣirò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń ta àwìn ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ̀ pé àwọn kan kò ní san láéláé. Ó mọ̀ pé ìrìn ẹlẹ́ẹ̀kejì láti gba owó ní ìnáwó tirẹ̀. Nítorí náà, iye aṣọ láwìn ní láti ju iye rẹ̀ lówó ọwọ́ lọ, kí ẹni tó san lè bo ẹni tí kò san mọ́lẹ̀. Ohun tí àwọn oníṣirò ilé-iṣẹ́ ńlá ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ya owó kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún gbèsè tí kò ní wọlé kò yàtọ̀ sí èyí.

Ní Ìlọrin, ìpá mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìpá ẹ̀sìn. Ẹsẹ tó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, ìyẹn ẹsẹ 282 nínú súrà kejì, dá lórí gbèsè. Ó pàṣẹ pé kí a kọ gbèsè tó ní ọjọ́ sísan sílẹ̀, kí akọ̀wé tó ń ṣe déédéé kọ ọ́, kí ẹni tó jẹ gbèsè sì ni ẹni tí yóò sọ ohun tí a ó kọ, pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́rìí. Kókó kan wà nínú àṣẹ yìí tó yẹ kí olùkọ́ fà yọ: onígbèsè ni ó ń sọ iye, kì í ṣe olówó. Ẹni tí àkọsílẹ̀ yóò mú ni ẹni tí àkọsílẹ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ní ìlú tó kún fún ilé-kéú àti àwọn àlùfáà tó mọ Lárúbáwá kọ, ìmọ̀ pé ó yẹ kí a kọ gbèsè sílẹ̀ kò dúró de ilé ẹ̀kọ́ òyìnbó.

A kò lè fi ọ̀rọ̀ àjọ sílẹ̀ níhìn-ín. William Bascom, onímọ̀ nípa àwùjọ ọmọ Amẹ́ríkà, kọ iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ lórí èsúsú Yorùbá ní 1952. Àṣà náà sì ti bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun lọ, tó fi jẹ́ pé ‘susu’ ni wọ́n ń pè é ní Trinidad. Èyí tó wọ́pọ̀ ní gáréèjì lónìí ni aláàjọ tó ń yípo ìsọ̀ pẹ̀lú káàdì. Bí oníbàárà bá ń dá N500 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ó ti dá N15,000. Aláàjọ yóò yọ owó ọjọ́ kan, yóò fún un ní N14,500. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan máa ń fi èyí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní oníbàárà ń sanwó kí wọ́n lè bá a tọ́jú owó ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń sanwó. Ẹsẹ̀ aláàjọ ló ń sanwó fún, àti àkókò tí òun fúnra rẹ̀ kò ní fi tò sí ilé ìfowópamọ́ nígbà tí oníbàárà ń dúró ní ìsọ̀. Bóyá N500 yẹn pọ̀ jù tàbí kò pọ̀ jù, ìpinnu ni, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa sì ní láti mọ iye tí ìsọ̀ rẹ̀ ń pa ní wákàtí kan.

Ìwé ìṣirò alápá méjì

Ní 1494, ní ìlú Venice ní ilẹ̀ Ítálì, Luca Pacioli, tó jẹ́ àlùfáà àti onímọ̀ ìṣirò, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ìmọ̀ ìṣirò. Apá kan nínú rẹ̀ ṣàlàyé bí àwọn oníṣòwò Venice ṣe ń kọ òwò wọn sílẹ̀. Òun kọ́ ló dá ọgbọ́n náà sílẹ̀. Ó kọ ohun tí àwọn oníṣòwò ti ń ṣe ṣáájú rẹ̀ ni. Kókó ọgbọ́n náà ni pé gbogbo òwò ní apá méjì. Bí mo bá fi N10,000 ra ọ́ìlì, owó ti dínkù, ọ́ìlì ti pọ̀ sí i. Bí mo bá ra ọ́ìlì náà láwìn, ọ́ìlì pọ̀ sí i, gbèsè náà sì pọ̀ sí i. A ó kọ ọ́ sí ibi méjì, apá méjèèjì sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba, àṣìṣe wà níbì kan.

Ìyàtọ̀ láàárín èyí àti ìlà ara ògiri kì í ṣe pé ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀làjú. Ìlà ara ògiri ń dáhùn ìbéèrè kan: ta ló jẹ mí? Ìwé alápá méjì ń dáhùn èyí, ó tún ń dáhùn méjì sí i: kí ni mo ní, kí sì ni òwò yìí mú wá láàárín ọdún? Ìbéèrè kẹta yìí ni kò rọrùn láti fi orí nìkan dáhùn.

Bí ọgbọ́n náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa kò ṣòro láti tọpa. Ilé ìfowópamọ́ dé Èkó ní 1892, èyí tó sì gbilẹ̀ jù, Bank of British West Africa, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1894. Òun ló di First Bank lónìí. Lẹ́yìn ìwádìí tí C. F. Strickland ṣe ní 1934, òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní 1935. Ní tòótọ́, nínú àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti olùkọ́ ti kọ́kọ́ rí ìwé owó tí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ń yẹ̀ wò lọ́dọọdún. Àwọn ilé ìfowópamọ́ tí ọmọ ilẹ̀ wa dá sílẹ̀ kò rí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ nípasẹ̀ òfin títí di 1952, tí òfin ilé ìfowópamọ́ àkọ́kọ́ jáde; ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti dìde tó sì ti wó kí òfin náà tó fìdí múlẹ̀, àwọn tó fi owó pamọ́ sí wọn ló sì ru ẹrù náà.

Akíntọ́lá Williams, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1919, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè oníṣirò owó àgbà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949. Ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 1952. Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó sílẹ̀ ní 1960, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ICAN nígbà tí òfin gbé e kalẹ̀ ní 1965. Ó papò dà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ní ẹni ọdún 104. Lẹ́yìn èyí ni àjọ tó ń ṣètò ìlànà ìṣirò dé ní 1982, tí òfin ọdún 2011 sì gbé ìgbìmọ̀ tuntun kalẹ̀ dípò rẹ̀. Láti 2012 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń tẹ̀lé ìlànà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè àgbáyé ń lò.

Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó fi orúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ni wọ́n ṣe é fún. Ọlọ́kọ̀ kan ṣoṣo ní Gáréèjì Ọ̀fà kò sí lára àwọn tí ẹnikẹ́ni ní lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó gbé ọgbọ́n náà wá bá a ní èdè tí ó gbọ́.

Ọkọ̀ tó ń gbó

Rélùwéè ló kọ́kọ́ so Ọ̀fà mọ́ Ìlọrin ní ọ̀nà ìgbàlódé. Ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Ìjọba ló ni ín, ìjọba ló sì ń ṣírò èrè àti àdánù rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ orí títì wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba èrò àti ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, ìṣirò náà bọ́ sọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan: awakọ̀, ọlọ́kọ̀, ẹni tó yá ọlọ́kọ̀ lówó, ẹni tó ta ọkọ̀ fún un pé kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Àbá lásán ni, a sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ lo iye tó kéré sí iye ọjà òní kí ìṣirò má baà le. Ká ní ẹnì kan ra bọ́ọ̀sì ní N3,000,000. Ó retí pé yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún, lẹ́yìn èyí tí yóò tà á ní N500,000. Awakọ̀ ń dá N8,000 fún un lálaalẹ́, fún 300 ọjọ́ lọ́dún. Ó jẹ́ N2,400,000. Táyà, àtúnṣe, ìwé ọkọ̀ àti àwọn ìnáwó mìíràn gba N1,500,000. Ó ku N900,000. Bí ó bá jẹ́ pé ó yá N3,000,000 náà ni, tí èlé rẹ̀ sì jẹ́ 15 nínú 100 lọ́dún, yóò san N450,000. N450,000 mìíràn ṣẹ́ kù sí i lápò. Inú rẹ̀ dùn. Ó fi díẹ̀ ṣe ìnáwó ìdílé, ó tún fi díẹ̀ tún ilé ṣe.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ra ní N3,000,000 yóò di ọkọ̀ N500,000 láàárín ọdún márùn-ún. N2,500,000 yóò ti gbó lọ, ìyẹn N500,000 lọ́dún. Bí a bá yọ èyí kúrò nínú N450,000, àdánù N50,000 ni ó kù. Ọkùnrin náà kò jẹ èrè rárá. Ọkọ̀ ló ń jẹ, táyà kan lónìí, ìlẹ̀kùn kan lọ́la. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan fún irú jíjẹ báyìí, àjẹìwẹ̀yìn, àgbà tó bá sì jẹ ẹ́ ni yóò ru igbá rẹ̀ délé fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọdún karùn-ún bá pé, tí ọkọ̀ kò lè rìn mọ́, yóò sọ pé ayé ló ṣe òun, tàbí pé awakọ̀ jalè. Ó ṣeé ṣe kí awakọ̀ jalè lóòótọ́. Àmọ́ bí awakọ̀ náà bá jẹ́ olóòótọ́ bí áńgẹ́lì pàápàá, ìṣirò náà kò ní yí padà.

Èyí ni ìdí tí a fi sọ pé ètò ìṣirò àtijọ́ kò tó fún ọkọ̀. Ìyá tó ń ta iṣu mọ iye tó ra iṣu, ó mọ iye tó tà á, èrè rẹ̀ hàn kedere ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọjà rẹ̀ kò gbó sí i lọ́wọ́ fún ọdún márùn-ún. Pákó àti ọ̀kọ́ àgbẹ̀ ń gbó, ṣùgbọ́n owó kékeré ni. Ọkọ̀ ni ohun èlò àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi gbogbo ojú owó wọn rà, tí ojú owó náà sì ń yọ́ níwájú wọn bí ọṣẹ.

Ìṣòro kejì tún wà, èyí tí owó ẹyọ Zanzibar ti kọ́ wa tẹ́lẹ̀. Ká ní ọlọ́kọ̀ wa gbọ́n, tí ó ń ya N500,000 sọ́tọ̀ lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ó ní N2,500,000, pẹ̀lú N500,000 tó ta ògbólógbòó ọkọ̀. N3,000,000 pé lọ́wọ́ rẹ̀. Bí irú bọ́ọ̀sì kan náà bá ti di N7,500,000 ńkọ́? Kò jẹ àjẹìwẹ̀yìn, síbẹ̀ kò lè ra ọkọ̀ mìíràn. Èyí kì í ṣe àlá. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986, dọ́là kan ti tó nǹkan bí náírà mẹ́jọ ní 1990, ọkọ̀ tuntun sì kúrò ní ohun tí ọlọ́kọ̀ kékeré lè rà, tòkunbọ̀ gbapò rẹ̀. Ní 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Iye jálá epo kan fò láti ìsàlẹ̀ N200 lọ sí nǹkan bí N500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, wọ́n jẹ́ kí náírà máa wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀, dọ́là sì kúrò ní nǹkan bí N470, ó kọjá N700 kí oṣù tó parí. Gbogbo ẹni tó ń ṣírò ìgbó ọkọ̀ lórí iye tó ra ọkọ̀ ní 2019 ló ti di ẹni tí ọ̀kẹ́ rẹ̀ pé, tí agbára rẹ̀ kò pé. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, iye tí wọ́n ń ta irú ọkọ̀ náà lónìí ló yẹ kí ọlọ́kọ̀ fi ṣírò ohun tí yóò yà sọ́tọ̀, kì í ṣe iye tí ó wà nínú rìsíìtì àtijọ́.

Ìpinnu láti tún ọkọ̀ ṣe tàbí láti tà á ni ó ń fa àríyànjiyàn jù láàárín ọlọ́kọ̀ àti mẹkáníìkì. Ká ní ọkọ̀ kan lè mú N900,000 wá bí wọ́n bá tà á lónìí. Bí wọ́n bá fi N400,000 tún un ṣe, yóò mú N700,000 wá láàárín ọdún kan lẹ́yìn ìnáwó, wọn yóò sì lè tà á ní N500,000 lẹ́yìn náà. N1,200,000 ni yóò mú wá, tí a bá yọ N400,000, ó ku N800,000. Kí ó tà á. Ohun tí ọlọ́kọ̀ yóò sọ ni pé, ‘Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi N600,000 ra ẹ́ńjìnnì sí i lọ́dún tó kọjá, n kò lè tà á báyìí.’ Ìdáhùn tó dùn mọ́ni kò sí. N600,000 náà ti lọ, bí ó bá tà á, kò ní padà. Bí kò bá tà á, kò ní padà. Ohun tó wà níwájú nìkan ló yẹ kí ó wọ inú ìṣirò náà.

Ohun tó kù sọ́wọ́ olùkọ́

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí yóò lọ kọ́ àwọn ọmọ awakọ̀, mẹkáníìkì àti alágbàtà ní ìṣòro kan tí kì í ṣe ti ìṣirò, ti èdè ni. Ìdìpọ̀ méjèèjì Èdè-Ìperí Yorùbá, èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984 àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1990, ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Wọn kò sọ̀rọ̀ nípa ìṣirò owó, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n dáwọ́ lé nìyẹn. Kò sì yẹ kí a rò pé a ní láti bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ojú owó, èlé, èrè, àdánù, gbèsè, àwìn: gbogbo wọn ti wà lẹ́nu ọjà kí a tó bí wa. Fún iye tí ohun èlò ń pàdánù lọ́dọọdún, àwọn kan ti dábàá ‘ìdínkù iye’. A fara mọ́ ‘owó ìgbó’ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ọlọ́kọ̀ tó bá gbọ́ ‘owó ìgbó ọkọ̀’ kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Ibi tí ìtumọ̀ ti ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà jù ni orúkọ apá méjèèjì ìwé ìṣirò. Àwọn olùkọ́ kan a máa túmọ̀ apá òsì sí ‘gbèsè’, apá ọ̀tún sí ‘owó tó wọlé’. Àṣìṣe ni. Owó tó wọlé gan-an, apá òsì ni a ń kọ ọ́ sí nínú ìwé owó, gbèsè tí a jẹ ni ó sì ń lọ sí apá ọ̀tún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti fi ‘gbèsè’ ha orí yóò dàrú ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìṣòro náà tún burú sí i nítorí iṣẹ́ tí ilé ìfowópamọ́ ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù wa: nígbà tí owó bá wọ àpò wa, wọ́n ń pè é ní orúkọ apá ọ̀tún. Ohun tí wọn kì í sọ fún wa ni pé ìwé tiwọn ni wọ́n ń kà, kì í ṣe tiwa. Owó tí a kó fún wọn, gbèsè ni ó jẹ́ lọ́rùn wọn. Àbá wa ni pé kí a pe apá òsì ní ‘apá òsì’, kí a pe apá ọ̀tún ní ‘apá ọ̀tún’, kí a má fi ìtumọ̀ rere tàbí búburú kún un.

Ohun tó rọrùn jù láti fi kọ́ èyí ní kíláàsì ni káàdì aláàjọ. Kí olùkọ́ pín kíláàsì sí méjì, kí ìlàjì jẹ́ oníbàárà, kí ìlàjì jẹ́ aláàjọ, kí wọ́n sì kọ àjọ oṣù kan náà sílẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé tirẹ̀. Oníbàárà yóò kọ ọ́ pé N15,000 jáde lápò òun, àti pé aláàjọ di ẹni tó jẹ òun ní N15,000. Aláàjọ yóò kọ ọ́ pé N15,000 wọlé, àti pé òun jẹ oníbàárà ní N15,000. Bí oṣù bá parí, tí wọ́n san N14,500, kí wọ́n wá N500 tó kù: ìnáwó ni nínú ìwé kan, èrè ni nínú ìwé kejì. Lẹ́yìn náà kí olùkọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó jẹ́ aláàjọ pé, nínú N15,000 tó wà lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù, èló ni tiwọn.